Ẹfun Tó Ta sí Ìgalà Lára

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹranko ṣì máa ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ara ìgalà pọ́n bí ilẹ̀ pupa ni. Kò sí àmì funfun kankan níbẹ̀.

Ní ayé ìgbà náà, ìyá arúgbó kan wà tó ń jẹ́ Aṣàkẹ́. Abẹ́ àpáta ńlá kan létí odò ló ń gbé. A máa lọ ẹfun, á pò ó mọ́ omi nínú igbá, á wá fi ìka ya àwòrán ẹranko sára àpáta. Ọ̀nà jíjìn ni àwọn ẹranko ti ń wá wo ara wọn níbẹ̀. Erin wá, ó wo eyín rẹ̀ títí. Ọ̀nì gòkè láti inú odò, ó ní ìrù òun ti kúrú jù. Aṣàkẹ́ rẹ́rìn-ín, ó bá a fi kún un.

Ìgalà nìkan ni kì í wá, nítorí ẹ̀rù máa ń bà á ní gbangba.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ìgalà dé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Aṣàkẹ́ kí wọn káàbọ̀, ó bèèrè bóyá àwòrán tirẹ̀ ló fẹ́. Ìgalà mi orí.

“Ìyá, ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Ẹkùn ti pa méjì. Ara wa pọ́n, ibi yòówù tí a bá sá sí, ó ń rí wa. Ẹ bá mi ya àwọn méjèèjì sára àpáta, kí n lè máa wò wọ́n.”

Aṣàkẹ́ fa igbá ẹfun rẹ̀ mọ́ra. Lẹ́yìn náà ló ní kí Ìgalà sọ bí wọ́n ṣe rí fún òun. Ìgalà ní èkíní kì í yé fò, pé etí èkejì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi ju orí rẹ̀ lọ. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni Aṣàkẹ́ ń yà á. Nígbà tí Ìgalà rí àkọ́bí rẹ̀ tó ń fò lára àpáta, omi bọ́ lójú rẹ̀.

Wọn kò mọ̀ pé ẹkùn ti tọ ipasẹ̀ wọn wá. Kí Aṣàkẹ́ tó parí etí èkejì, ẹkùn yọ láti ẹ̀yìn àpáta, ó fò mọ́ ọmọ tó kù.

Aṣàkẹ́ kò ní ọ̀kọ̀. Igbá ẹfun ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló sì jù. Díẹ̀ bọ́ sí ẹkùn lójú. Ìyókù ta sí ìyá àti ọmọ lára, ó sì ṣàn wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Àwọn méjèèjì sá wọ abẹ́ igi. Oòrùn ń gba àárín ewé kọjá, ó ń ta àmì kéékèèké sílẹ̀. Ìyá rọra sọ fún ọmọ pé kó má mira. Ẹkùn nu ojú, ó tẹ̀lé wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló kọjá níwájú wọn, ó rò pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn lára ewé lásán ni òun ń rí. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n padà dé abẹ́ àpáta, Aṣàkẹ́ ti bu omi sílẹ̀ láti fi fọ̀ wọ́n. Ó ń bẹ̀ wọ́n pé òun ti ba àwọ̀ wọn jẹ́. Ìgalà fà sẹ́yìn.

“Ẹ fi í sílẹ̀, Ìyá,” ló wí. “Òun ni kò jẹ́ kí ẹ ya ọmọ kẹta sára àpáta.”

Láti ọjọ́ náà ni ìgalà ti ń bí ọmọ pẹ̀lú àmì tótòtó funfun àti ìlà funfun lára. Bí ẹ bá ń rìn nínú igbó lọ́sàn-án, tí ẹ rí oòrùn tó ń tàn sára ewé, ẹ dúró, kí ẹ wò ó dáadáa. Ó lè jẹ́ pé díẹ̀ nínú rẹ̀ ń mí.