Sípánà Tó Ń Dán

Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹni tó bá rò pé ilé nìkan ni òwe náà ń bá wí, kó bi Fadérera mẹkáníìkì léèrè.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kó ṣe fírídọ̀ọ̀mù iṣẹ́ tó fi ọdún márùn-ún kọ́, ọ̀gá rẹ̀ ní kó ra sípánà tòkunbọ̀, èyí tó wúwo lọ́wọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù bàbá kan tó ń ta sípánà, Fadérera wo àwọn irin dúdú tí bàbá náà gbé lé e lọ́wọ́, ojú tì í. Ṣé èyí ni wọn yóò tò sórí tábìlì kí wọ́n gbàdúrà sí, kí onífọ́tò sì yà á? Ó ra àwọn tó ń dán bíi dígí, bí ẹni pé fọ́tò ni wọ́n fi ń tún ọkọ̀ ṣe.

Ọjọ́ kẹta tó dá dúró, nọ́ọ̀sì kan gbé ọkọ̀ wá. Nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ tí Fadérera fẹ́ tú, sípánà yanu, orí nọ́ọ̀tì sì bó. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n fa ọkọ̀ òun lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ Fadérera níṣẹ́.

Ìbínú ló gbé Fadérera dé ọ̀dọ̀ bàbá tó ta sípánà náà.

“Bàbá, ẹ lù mí ní jìbìtì. Páànù lẹ tà fún mi, ẹ̀ ń pè é nírin.”

Ojú bàbá náà le. “Èmi fúnra mi gbé tòkunbọ̀ lé ọ lọ́wọ́, o dá a padà. O ò bi mí pé èwo ló ń tú nọ́ọ̀tì. Èwo ló ń dán lo bi mí, òun náà ni mo tà fún ọ.”

Fadérera padà sí ṣọ́ọ̀bù. Fọ́tò fírídọ̀ọ̀mù rẹ̀ ṣì wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nínú rẹ̀, àwọn sípánà náà ṣì ń dán.