Bí Àrínọlá Ṣe Kó Òṣìṣẹ́ Rẹ̀ Yọ

Ṣówándé, ọ̀gá akáńtáǹtì kan l'Ékòó, fẹ́ da ọ́fíìsì kékeré Ìyáàfin Àrínọlá pọ̀ mọ́ tirẹ̀: "Oníbàárà yín ni mo fẹ́, mi ò fẹ́ òṣìṣẹ́. Ẹ lé wọn, àbí kí n fowó pọ́ọ́kú já àwọn oníbàárà náà gbà." Àrínọlá ní kò burú. Ó ránṣẹ́ pe àwọn oníbàárà kí wọ́n wá kí ọ̀gá tuntun, ó sì ní kí àwọn òṣìṣẹ́ gbé ẹrù wọn jókòó ti géètì. Oníbàárà tó bá ń wọlé á bá ẹni tó ń bá a ṣírò owó níbẹ̀ tòun ti báàgì. Dókítà kan nínú wọn, tó ní ilé ìwòsàn, kò tilẹ̀ jókòó: "Ibi tí àwọn wọ̀nyí bá lọ la máa bá wọn lọ." Àwọn oníbàárà yòókù dìde tẹ̀lé e. Kíá, Ṣówándé gba gbogbo òṣìṣẹ́ náà. Nígbà tó ní kí wọ́n yọ orúkọ Àrínọlá kúrò lára pátákó, àwọn òṣìṣẹ́ tó kó yọ yìí kan náà ló di àkàbà mú fún ẹni tó gùn ún lọ yọ ọ́.