Okùn Abẹ́ Omi ní Èbúté Ẹsẹ̀-Odò

Àwẹ̀ró kì í ṣe ọmọ Ẹsẹ̀-Odò. Òkè-Ìpá ni wọ́n bí i sí, lápá òkè odò, níbi tí omi ti ń jáde láti inú igbó, tí ẹ̀ka igi bèbè méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn lókè. Ọkọ ló gbé e wá sí ìsàlẹ̀, níbi tí odò kan náà ti gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó dúró ní bèbè kan kò fi lè dá ojú ará òdìkejì mọ̀. Oyènúgà ni ọkọ rẹ̀ ń jẹ́. Atukọ̀ ni.

Iṣẹ́ ọkọ̀ ló so ìlú méjèèjì pọ̀. Àwọn ará Òkè-Ìpá ló ń gé igi, tí wọ́n ń gbẹ́ ẹ, tí wọ́n sì ń tù ú wá sísàlẹ̀. Àwọn ará Ẹsẹ̀-Odò a wá kan pákó mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọn a ṣe ìjókòó sí i, wọn a fi ọ̀pá àti imọ̀ ọ̀pẹ ṣe òrùlé lé e lórí nítorí oòrùn, wọn a sì fi í kó èrò lọ sí ọjà òdìkejì.

Ní Òkè-Ìpá, wọn kì í gbàgbé ọkọ̀ tó bá dojú dé. Wọn a wá ohun tó fà á, wọn a tún un ṣe, wọn a sì fi ohun náà dá ìdánwò kan sílẹ̀, tí gbogbo ọkọ̀ tó bá tún jáde gbọ́dọ̀ yege. Bàbá Àwẹ̀ró, Ọdẹ́yẹmí, ni olórí àwọn tó ń ṣe ìdánwò wọ̀nyí. Ó máa ń sọ pé àléébù dà bí ewúrẹ́: bí o lé e jáde láàárọ̀ tí o kò ti ilẹ̀kùn, wàá bá a nínú ilé lọ́sàn-án. Èyí tó le jù nínú wọn ni ìdánwò ejò. Láyé àtijọ́, ejò kan já láti orí ẹ̀ka sínú ọkọ̀, gbogbo èrò rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọkọ̀ sì dà wọ́n sómi. Láti ìgbà náà, èèyàn yóò kún inú ọkọ̀ tuntun, ẹnìkan yóò pariwo ejò, gbogbo wọn yóò sì rọ́ sí apá kan. Ọkọ̀ tí kò bá dúró ń padà sábẹ́ àáké ni.

Ní Ẹsẹ̀-Odò, ìdánwò kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀: wọn a di iṣu kún ọkọ̀ níbi tí omi ti dákẹ́. Bí kò bá rì, ó ti tó. Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè nípa àwọn ìdánwò yòókù, èsì wọn kì í yí padà: “Wọ́n ti dán an wò lókè.” Òótọ́ ni, wọ́n ti dán an wò lókè. Ṣùgbọ́n lókè, kò ní òrùlé, kò ní pákó ẹ̀gbẹ́, kò ní ìjókòó. Ohun tí wọ́n dán wò lókè kọ́ ni ohun tí èrò ń wọ̀ nísàlẹ̀, kò sì sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ìyẹn.

Ní àkókò òjò kan, ọkọ̀ kan dojú dé láàárín odò. Ìyá oníkòkò kan bá omi lọ, òun àti ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn. Kí omi tó gbẹ lára àwọn tó yè, Ṣódípẹ̀, olórí àwọn tó ń kan pákó ọkọ̀ ní Ẹsẹ̀-Odò, ti dúró sí èbúté, ó ti dá ẹjọ́: “Obìnrin yẹn kò jókòó dáadáa.” Òkú kò lè wí tẹnu rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi rí i di ẹ̀bi rù. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹta, òòlù ti ń dún lára ọkọ̀ mìíràn, èyí tó tóbi ju ti ìṣáájú lọ, tí òrùlé rẹ̀ sì tún ga jù ú lọ. Oyènúgà ni wọ́n yàn láti tù ú.

Àwẹ̀ró lọ sí ààfin Ọlọ́jà, ọba Ẹsẹ̀-Odò, ó kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n fi gbogbo ìdánwò Òkè-Ìpá dán ọkọ̀ tuntun náà wò, tòun ti òrùlé rẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pe Ṣódípẹ̀, ẹni tí í ṣe ẹ̀gbọ́n Oyènúgà. Ẹ̀rín ló rín wọlé.

“Ìyàwó,” ó ní, “ọbẹ̀ la fẹ́ ọ fún, a kò fẹ́ ọ fún ọkọ̀.”

“Ọkọ mi,” ni Àwẹ̀ró fi dáhùn, “ẹ jẹ ọbẹ̀ náà lánàá, ẹ kò ráhùn. Kí n tó bù ú fún yín, mo tọ́ ọ wò. N kò sọ pé ìyá mi ti bá mi tọ́ tirẹ̀ wò ní Òkè-Ìpá.”

Àwọn ìjòyè wo ilẹ̀ kí wọ́n má baà rẹ́rìn-ín. Ojú Ṣódípẹ̀ le, ó kọjú sí àwọn ìjòyè.

“Ejò wo ni ẹ ń wí gan-an? Igi wo ló wà lórí odò wa tí ejò yóò ti já? Ẹ gbójú sókè, lékeléke nìkan lẹ ó rí. Ìdánwò yẹn kò kàn wá.”

“Ejò kọ́ ni a ń dán wò, ẹsẹ̀ èèyàn ni. Ohunkóhun tó bá ti lè dẹ́rù ba èrò, ejò ni.”

Ọlọ́jà gbà pẹ̀lú Àwẹ̀ró. Ó pàṣẹ pé ọkọ̀ náà kò gbọ́dọ̀ gbé èrò kankan títí yóò fi yege gbogbo ìdánwò náà, àti pé lójú òun ni wọn yóò ti ṣe ti ejò.

Ṣódípẹ̀ kọ́kọ́ dán an wò láàárín àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀. Òrùlé gíga náà mú kí ọkọ̀ fì tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi bẹ́ sómi. Ẹni tó bá ní ẹ̀rí ọkàn ìbá sọ òrùlé yẹn kalẹ̀. Ṣódípẹ̀ kò fọwọ́ kan òrùlé. Lọ́jọ́ tí Àwẹ̀ró lọ fọ aṣọ ní èbúté, nǹkan kọ́ ọ lẹ́sẹ̀ nínú omi. Ó tẹ̀ba, ó fọwọ́ tọ̀ ọ́: okùn tó nípọn ni, wọ́n fi so etí ọkọ̀ tó kọjú sí èbúté mọ́ ìdí òpó, lábẹ́ omi, níbi tí ojú kò ti lè rí i. Bí gbogbo èrò bá rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, etí ọkọ̀ náà kò lè gbéra. Ó bá Ṣódípẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

“Ọkọ mi, kí ni okùn yẹn ń ṣe lábẹ́ omi?”

“Ọkọ̀ wo ni wọn kì í so ní èbúté? Ṣé bàbá rẹ sọ pé kí á má so ọkọ̀ ni?”

“Wọn kò sọ ọ́. Wọn kò mọ̀ pé ẹnìkan lè rò ó.”

Nílé, Oyènúgà kò gbé ojú sókè kúrò nídìí àwo. “Ẹ̀gbọ́n mi ni, Àwẹ̀ró.”

“Ẹ̀yin lẹ ó di àjẹ̀ ọkọ̀ yẹn mú lọ́jọ́ ọjà.”

“Mo mọ omi láti kékeré.”

“Omi kò mọ̀ yín.”

Nígbà tí ọjọ́ ìdánwò pé, gbogbo ìlú ló jáde. Oyènúgà jókòó sídìí ọkọ̀, àwọn ọ̀dọ́kùnrin kún inú rẹ̀, Ṣódípẹ̀ fúnra rẹ̀ sì wọ̀ ọ́ tòun ti fìlà aláràn-án, kí ojú lè rí i. Ẹnìkan pariwo ejò. Gbogbo wọn rọ́ sí apá odò. Ọkọ̀ dúró gbọn-in bí ilé alámọ̀. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

Àwẹ̀ró tún kúnlẹ̀. “Kábíyèsí, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Èmi ni kí n pariwo rẹ̀.”

“Ẹ jẹ́ kí ìyàwó wa náà pariwo,” ni Ọlọ́jà wí, tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Àwẹ̀ró wọ inú omi, kò ju ìbàdí rẹ̀ lọ. Ó dé ìdí òpó, ó sì yọ ọ̀bẹ ìdáná rẹ̀ láti inú ìró. Ṣódípẹ̀ rí i. Ó la ẹnu, ó sì tún pa á dé, nítorí bí ó bá ní kí ó má gé okùn, ó ti jẹ́wọ́ pé okùn wà. Ọwọ́ obìnrin náà ń lọ, ó ń bọ̀ lábẹ́ omi. Nígbà tó nàró, kò pariwo rárá. Ohùn tí ó fi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ ló fi sọ ọ́: “Ejò.”

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin rọ́ lọ. Òrùlé gíga náà tẹ̀ lé wọn, ọkọ̀ sì da gbogbo wọn sómi, àti Oyènúgà, àti Ṣódípẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kú. Èbúté ni, omi kò jìn. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà, ọmọdé lójú àgbà, dìde, wọ́n nu ojú, iwájú ni wọ́n sì ń wò, níbi tí àjẹ̀ àti bàtà wọn ti ń bá omi lọ. Wọ́n ń lé wọn, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Fìlà Ṣódípẹ̀ náà ń lọ lójú omi. Kò wò ó. Ó yíjú sẹ́yìn, ó ń wo ẹnu okùn tí ọ̀bẹ gé, tó ti léfòó sójú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó.

“Ṣódípẹ̀,” ni Ọlọ́jà pè é, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu rẹ̀, “kí lo ń wò lẹ́yìn?”

“Ohun tó gbé mi ṣubú ni, Kábíyèsí.”

“Ta ló so ó?”

“Èmi ni.”

Àwẹ̀ró ṣì di ọ̀bẹ mú. “Ìyá oníkòkò ńkọ́, ọkọ mi? Báwo ló ṣe jókòó?”

Ṣódípẹ̀ ní, “Ó jókòó dáadáa.”

Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi sọ òrùlé náà kalẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ kan kò tún kúrò ní Ẹsẹ̀-Odò láìjẹ́ pé ó yege ìdánwò ejò, láìsí okùn. Ohun tí Ọlọ́jà sì rí ní èbúté lọ́jọ́ náà ló sọ fún àwọn ìjòyè rẹ̀, tí àwọn náà sọ fún ọmọ wọn, tó fi di òwe lẹ́nu àgbà títí di òní: bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.