Òkété Fẹ́ Ta Ilé Rẹ̀

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi ń tiro bọ̀ bí èmi arúgbó yìí, ó dá lórí Òkété.

Ìyàwó Òkété ti kó àwọn ọmọ lọ sí òdìkejì odò. Bí odò bá kún kí Òkété tó ta ilé, ó di ẹ̀ẹ̀rùn kó tó rí wọn.

Ayékòótọ́ alágbàtà ní, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín tà á."

"Kí n wá fún ọ lówó lórí ilé tí mo fọwọ́ ara mi gbẹ́?"

Ẹ̀yin ọmọ, wọ́n ti kọ́ Òkété pé ọmọlúàbí kì í yin ohun tirẹ̀. Ọ̀yà wá wo ilé náà láti rà á, ó ní, "Ilé yìí mà dára o!"

"Háà, ẹ jọ̀ọ́, ihò lásán ni."

Ọ̀yà bá tirẹ̀ lọ. Ehoro dé, ó yin yàrá. Òkété ní, "Ẹ má wulẹ̀ yìn ín, ó ń jò." Kò sì jò rárá! Ehoro náà lọ. Òkété bú sẹ́kún. Ẹ gbè é:

Ẹnu mi ló lé wọn lọ o,
*Ihò lásán!*
Odò ń kún bọ̀ o,
*Ihò lásán!*

Ó sáré tọ Ayékòótọ́ lọ. Ìyẹn ní, "Ẹ fi ẹ̀kùrọ́ yìí sẹ́nu." Ẹmọ́ dé, ó yin ilé títí. Òkété fẹ́ fèsì, ẹ̀kùrọ́ ò gbà fún un. Ẹmọ́ rà á lójú ẹsẹ̀. Ayékòótọ́ wá béèrè owó tirẹ̀.

"Nítorí ẹ̀kùrọ́ kan lo ṣe ń gbowó?"

"Rárá o, nítorí ẹnu yín ni."

Ni Òkété bá sọdá odò.

"Ìyá àgbà, àlọ́ yín mà dùn o!"

"Háà, ẹ jọ̀ọ́, àlọ́ játijàti ni."

Ni Àrìnpé, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, bá nawọ́ sí mi: "Ìyá àgbà, ẹ gba ẹ̀kùrọ́."