Orúkọ Àsàbí Nínú Ìwé Owó-Orí

“Bàbá wọn, ẹ má gbàgbé owó-orí abẹ̀bẹ̀ mi o.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni àlọ́ mi bá dé, ẹ̀yin ọmọ. Àlọ́ ti dé o!

Kó wọlé, kó jókòó!

Àsàbí ló sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀, ẹyẹ Ẹ̀gà, kó tó kú. Imọ̀ ọ̀pẹ ló fi ń hun abẹ̀bẹ̀ nílé, tó ń tà á díẹ̀díẹ̀. Lọ́dọọdún, Àkùkọ akọ̀wé a máa ṣí ìwé owó-orí, a sì kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Àsàbí alábẹ̀bẹ̀ dà?
Ó wà nílé!

Lọ́dún kìíní tí Àsàbí kú, Ẹ̀gà dáhùn, ó sanwó. Lọ́dún kejì, ó tún san án. Lọ́dún kẹta, Àkùkọ bú sẹ́rìn-ín.

“Bàbá Ẹ̀gà, àwọn èèyàn ń sá fún mi, ẹ̀yin ń lé mi kiri! Ẹni tí kò tà mọ́ kì í san. Ẹ sọ pé iṣẹ́ ti parí, kí n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́.”

“Akọ̀wé, ta ló tún ń pe orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn yín?”

Àkùkọ tún ṣí ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rọra kọrin:

Àsàbí alábẹ̀bẹ̀ dà?
Ó wà nílé!

Ẹ̀yin ọmọ, Ẹ̀gà kò tíì sọ pé iṣẹ́ ti parí. Kò tíì ká ẹní Àsàbí. Kò tíì da imọ̀ ọ̀pẹ tó kù nù. Kò tíì fọwọ́ kan abẹ̀bẹ̀ tí Àsàbí hun dé ìdajì.