Ọba Tí Wọ́n So Mọ́ Àga Ọkọ̀

Ọkùnrin kan wà tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé ní ìlú kan láàárín igbó gẹdú, níbi tí wọ́n ti ń la pákó. Fákúnmi ni orúkọ rẹ̀, àmọ́ Tíṣà Àgbà ni gbogbo ìlú ń pè é. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Kì í bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Bí ènìyàn bá fẹ́ kí ojú rẹ̀ tàn, kí onítọ̀hún sáà ti dárúkọ ọkọ̀ rẹ̀.

Volvo ni ọkọ̀ náà. Òyìnbó ará Swídìn kan tó ń bójú tó ẹ̀rọ ìlapákó ló ni ín tẹ́lẹ̀. Nígbà tí òyìnbó náà ń padà sílé, Tíṣà Àgbà rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ga, ó gùn, igun rẹ̀ sì mú bí igun àpótí aṣọ, nítorí náà ni àwọn ọmọ ilé ìwé ṣe sọ ọ́ ní Àpótí. Kò bínú sí wọn. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í pè é bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀, á dún gbì, bí ilẹ̀kùn àká tó kún fún ọkà. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, tí ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn bá ń wúkọ́ tí wọ́n ń tì í káàkiri àdúgbò, ẹ̀ẹ̀kan ni Tíṣà Àgbà máa yí kọ́kọ́rọ́ tí Àpótí á ti dáhùn. Ó ti gbé aláboyún dé ilé ìwòsàn lásìkò. Ó ti gbé iṣu àna. Ó ti gbé olùdánwò tí wọ́n rán láti ìlú ńlá gba inú ẹrọ̀fọ̀ kọjá, tí aṣọ ọkùnrin náà kò sì ní àbàwọ́n. Bí ọdún ti ń gorí ọdún tó, inú ẹni tó ni ín kò yé dùn sí i.

Kí òyìnbó náà tó lọ, ó jókòó ti Tíṣà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó sì sọ ìtàn ọkọ̀ náà fún un. Ó ní ní ilẹ̀ àwọn, òtútù máa ń sọ omi ojú títì di yìnyín, ẹran ìgbẹ́ kan sì wà tó ga bí ẹṣin, tó máa ń dédé yọ sójú ọ̀nà. Ó ní àwọn tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí wọ́n tó bí òun rárá, ti pinnu pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni yóò jókòó sínú ọkọ̀, nítorí náà ẹ̀mí ènìyàn ni àwọn yóò kọ́kọ́ rò kí àwọn tó ro ohun mìíràn. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú àwọn ẹnjiníà wọn ṣe bẹ́líìtì kan tó gba èjìká kọjá sí àyà, tó sì tún gba ìbàdí, tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan so. Òfin fún wọn láyè láti sọ ọ́ di tiwọn nìkan. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí gbogbo ilé iṣẹ́ ọkọ̀ láyé máa lò ó, títí kan àwọn tó ń bá wọn du ọjà.

Tíṣà Àgbà dìde, ó lọ fọwọ́ kan bẹ́líìtì tó wà nínú ọkọ̀ náà. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ti kú nínú ìjàǹbá mọ́tò. Gíláàsì iwájú ni ó gbà jáde nínú ọkọ̀ náà. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ohun kan wà láyé tí ì bá dì í mú.

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni ó ti ní òfin kan. Àpótí kò ní gbéra bí gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò bá tíì so bẹ́líìtì. Láyé ìgbà náà, kò sí ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílùú. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá ìyàwó rẹ̀ bi í léèrè bóyá ewúrẹ́ tí wọ́n ń gbé lọ sọ́jà ni òun. Á rẹ́rìn-ín, á bẹ̀ wọ́n, á tún bẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ á wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ títí wọn yóò fi so ó.

Nígbà tó yá, ìlú náà rí ọba. Ìjà oyè ti mú kí ààfin ṣófo títí koríko fi hù lójú ọ̀nà rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìròyìn dé pé ìjọba ti fọwọ́ sí ẹni tí wọ́n yàn, pé kí ọba tuntun wá gba ọ̀pá àṣẹ ní olú ìlú ìpínlẹ̀, àwọn ènìyàn ń sáré láti ilé dé ilé. Àwọn obìnrin fi ọmọ orógùn ṣe ọ̀pá agogo, wọ́n ń lu ìkòkò. Àwọn arúgbó tó ti sọ pé àwọn kò ní fojú rí ọba mọ́ kí àwọn tó kú jókòó síta, wọ́n ń nu ojú wọn.

Olóyè Ọ̀tún, ẹni tó jẹ́ àgbà nínú àwọn ìjòyè, ló wá sílé Tíṣà. Ó ní Àpótí ni yóò gbé Kábíyèsí. Ọkọ̀ Alága, ẹni tó ń ra kòkó nílùú, ni ó tuntun jù tí ó sì ń dán jù, àmọ́ òrùlé rẹ̀ kéré. Adé yóò máa kan án.

Inú Tíṣà Àgbà dùn débi pé kò lè jẹun. Òun fúnra rẹ̀ fọ ọkọ̀ náà, ó fọ inú táyà, ó nù ún títí ènìyàn fi ń rí ojú ara rẹ̀ lára ilẹ̀kùn. Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó gbé e kúrò bó ṣe gbé e wá.

"Bàbá Mosúnmọ́lá," ni obìnrin náà wí, "ọba ni ẹ fẹ́ gbé. Ṣé ẹ ó so òun náà?"

Tíṣà dúró. Ayọ̀ náà kò jẹ́ kó rò ó rí títí di ìgbà yẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ kò gbèrò ní iwájú ààfin. Ọba jáde. Ìlẹ̀kẹ̀ wà ní ọrùn rẹ̀, ó wà ní ọwọ́, ó wà ní ọrùn ẹsẹ̀. Ọba náà kò dàgbà púpọ̀, ojú rẹ̀ sì tutù. Ó jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú Ọ̀tún, ẹmẹ̀wà rẹ̀ kan, ìránṣẹ́ ààfin, sì jókòó síwájú. Orin ga, eruku ga. Ọkọ̀ Alága àti àwọn bọ́ọ̀sì tó fẹ́ tẹ̀ lé wọn ti ń kùn lẹ́yìn. Tíṣà Àgbà mú kọ́kọ́rọ́ dání, kò yí i.

Ó yíjú padà. "Kábíyèsí, ó ku bẹ́líìtì."

"Ta ni ẹ fẹ́ so?" ni Ọ̀tún bi í.

"Gbogbo wa ni, Olóyè."

"A kì í so ọba. Ẹrú là ń so. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Tíṣà Àgbà sọ̀kalẹ̀. Ó yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọba wà, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku pẹ̀lú agbádá funfun tó wọ̀. Àwọn tó wà nítòsí dákẹ́, àwọn tó wà lẹ́yìn wọn dákẹ́, títí gbogbo orin fi kú. Tíṣà mọ̀ pé nítorí ohun tó kéré sí èyí ni wọ́n ṣe lé ènìyàn kúrò nílùú rí. Ó rò ó pé kí òun dìde, kí òun ní eré ni òun ń ṣe, kí òun sì wa ọkọ̀ náà lọ. Ẹnu rẹ̀ ti fẹ́ ṣí. Ojú àbúrò rẹ̀ ni ó rí.

"Kí adé pẹ́ lórí, Kábíyèsí," ni ó wí. "Àbúrò mi jókòó sínú mọ́tò láìsí ohun tó dì í mú, mo sì sin ín. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ yìí mọ ohun tó ń gba ẹ̀mí là, wọ́n sì fún ọ̀rẹ́, wọ́n fún ọ̀tá. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n, tí mo bá wá fi du ọba mi nítorí pé ẹ̀rù ń bà mí, kí ni mo jẹ́? Bí ẹ kò bá fẹ́, ẹ gba kọ́kọ́rọ́, kí ẹlòmíràn wà yín. Èmi kò lè gbé yín lọ báyìí."

Ọ̀tún ti na ọwọ́ láti gba kọ́kọ́rọ́ náà. Ọba gbé ọwọ́ sókè, Ọ̀tún sì dúró.

"Olóyè," ni ọba wí, "ẹ̀yin ni ẹ so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ mi lọ́rùn láàárọ̀ yìí. Ẹ so mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ so mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ẹ kò sọ pé a kì í so ọba nígbà náà." Ó yíjú sí ẹni tó wà nílẹ̀. "Tíṣà, ẹ dìde. Ẹ fi bí wọ́n ṣe ń so ó hàn mí."

Ẹ̀rín bú láàárín èrò, orin sì tún gbéra ju ti àkọ́kọ́ lọ. Tíṣà so ọba mọ́ àga. Ó so ẹmẹ̀wà. Ó so Ọ̀tún, Ọ̀tún sì ń wo òrùlé ọkọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń fá lórí láìfẹ́.

Ó so tirẹ̀ náà, wọ́n sì gbéra. Lẹ́yìn ìlú, òjò ti rọ̀ sí ojú ọ̀nà náà. Bí wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí ibi afárá kan, tírélà agbégẹdú kan yọ ní kọ́nà, ó gba ọwọ́ tiwọn, ó ń fun fèrè, kò sì lè dúró. Tíṣà Àgbà yí ọwọ́ ọkọ̀. Àpótí fi títì sílẹ̀, ó fò sínú oko kòkó, ó yí gbirigbiri, ó sì dojú dé. Táyà ń yí lókè. Ohun gbogbo dákẹ́.

Ohùn ọba ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. "Ta ló wà láàyè?"

"Èmi rèé, Kábíyèsí," ni ẹmẹ̀wà wí.

"Èmi rèé," ni Tíṣà wí.

Ọ̀tún ń rọ̀ bí àdán, bẹ́líìtì dì í mú gírígírí, agbádá rẹ̀ sì ti bò ó lójú. "Tíṣà," ni ó wí láti inú aṣọ náà, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá tú mi."

Àwọn tó ń tẹ̀ lé wọn ti bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń sunkún bọ̀, ọwọ́ wọn wà lórí. Ó dá wọn lójú pé ọba tí wọ́n dúró dè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ti lọ. Wọ́n la ewé kòkó, wọ́n sì bá ọba lórí ìdúró, ó ń gbọn gíláàsì kúrò ní ẹ̀wù rẹ̀, okùn ìlẹ̀kẹ̀ kan ti já, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó díẹ̀. Ìró tó jáde lẹ́nu wọn lé gbogbo ẹyẹ oko náà kúrò lórí igi. Àwọn kan ń dì mọ́ ara wọn, àwọn kan jókòó sínú ẹrẹ̀ wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀tún wá síwájú Tíṣà. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó tẹ orí ba, ó sì tún dé e.

Ọkọ̀ Alága ló kù láti gbé ọba. Ọba bọ́ adé, ó fi í sí orí itan rẹ̀, ó tẹ orí wọlé. Kí wọ́n tó gbéra, ó béèrè bẹ́líìtì.

"Kábíyèsí, kò sí nínú tèmi," ni Alága wí.

Tíṣà Àgbà tẹ̀ ba. Ó ká aṣọ àrán tí Alága fi bo àga, ó ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, ó sì fa bẹ́líìtì kan jáde. Eruku bò ó, kò tíì dé àyà ẹnikẹ́ni rí. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló ṣe ọkọ̀ náà, àmọ́ ẹ̀bùn àwọn ará Swídìn wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Alága ń jókòó lé e lórí lójoojúmọ́. Ó wò ó pẹ́, ó nù ún, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ó mọ́ ọba.

Wọ́n dé olú ìlú lásìkò. Ọba gba ọ̀pá àṣẹ pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára ẹ̀wù rẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé, ìlú rí ọba wọn lójú fèrèsé ọkọ̀, bẹ́líìtì gba àyà rẹ̀ kọjá, ó ń juwọ́ sí wọn. Kò sí ẹnì kan tó pè é ní ẹrú.

Àpótí kò dìde mọ́. Mẹkáníìkì yí i ká, ó mi orí. Tíṣà Àgbà fọwọ́ pa á lára, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì tún rẹ́rìn-ín. Ó ní iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é, ó ti ṣe é.

Ìtàn mi tán. Ìwọ tí o jókòó síwájú mi yìí, ìwọ ni mo torí rẹ̀ sọ ọ́. O ní ẹ̀gbọ́n rẹ ti ń wa ọkọ̀ lẹ́yìn tó bá ti mu ọtí, pé àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń wà nínú rẹ̀, àmọ́ o kò lè bá a sọ ọ́ nítorí pé òun ló rán ọ lọ sí ilé ìwé. Ohun tó yẹ kó mú ọ sọ̀rọ̀ gan-an ni o fi ń panu mọ́. Ìmọ̀ tó lè gba ẹ̀mí là kì í ṣe tìrẹ nìkan, má ṣe jókòó lé e. Ọ̀wọ̀ tí o ní fún un, fi í sí ohùn rẹ, má fi í dí ẹnu rẹ. Ó lè bínú. Ó lè lé ọ jáde. Bí ó bá wà láàyè láti bínú, inú tèmi dùn. Dìde báyìí, ọ̀nà ilé rẹ̀ kò jìn.