Ọ̀rọ̀ tí Alákàn Jókòó Lé

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀. Ìwọ tó wà lẹ́yìn yẹn, yọ ìka lẹ́nu. Orí ẹní bí irú èyí ni ìyá tó bí bàbá mi ti pa ààlọ́ yìí fún àwa náà, nígbà tí a bá jẹun tán, tí èéfín ààrò ṣì ń rú díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá rántí àwọn ìrọ̀lẹ́ wọ̀nyẹn, ọkàn mi a máa fà sí wọn. Ó dára. Ààlọ́ mi gbéra, ó rìn títí. Kò yà sọ́dọ̀ ọba, kò yà sọ́dọ̀ ìjòyè. Ó yà sọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan tó ń hun ẹní.

Ní ayé àtijọ́, ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Ìyeyè. Igi ìyeyè ńlá kan wà láàrin ìlú náà, abẹ́ rẹ̀ sì ni Ìyá Ẹlẹ́ní ń jókòó sí. Koríko etídò ló fi ń hun ẹní. Kò bímọ. Kò ní ìbátan kankan níbẹ̀. Ọkọ ló bá wá sí ìlú náà, ọkọ sì ti kú. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, gbogbo ọmọ ìlú á rọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Wọn á bá a la koríko. Òun náà á kọ́ wọn bí a ti ń la ọ̀rọ̀.

Á ní ọ̀rọ̀ gígùn kì í ṣe ohun ìbẹ̀rù. Ọ̀rọ̀ kéékèèké ló dì mọ́ra wọn níbẹ̀, bí koríko ti ń dì mọ́ra nínú ẹní. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n là, á mọ̀ ọ́n hun. Á na koríko kan sókè, á ní, "Èyí ni Àì. Ibi tí ẹ bá ti rí Àì, nǹkan kan kò sí níbẹ̀." Àwọn ọmọ á ní àìsùn, àìsàn, àìgbọ́ràn. Á na òmíràn sókè, á ní, "Èyí ni Oní. Ibi tí ẹ bá ti rí Oní, nǹkan wà lọ́wọ́ ẹnì kan." Wọn á ní oníṣu, aláṣọ, elépo.

Ọmọbìnrin kan wà láàrin wọn tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Orí rẹ̀ kì í tètè gba nǹkan, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti wọ̀ ọ́ lórí kì í jáde mọ́. Òun ló bi Ìyá Ẹlẹ́ní pé níbo ni Oní wà nínú aláṣọ, òun kò rí i. Ìyá rẹ́rìn-ín títí.

Ó ní, "Oní a máa pààrọ̀ aṣọ bó bá lọ kí ẹlòmíràn nílé. Ṣé aṣọ oko ni ìwọ náà fi ń lọ sóde ni? Bí o pààrọ̀ aṣọ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, Àwẹ̀ró ṣì ni ọ́."

Orin tí wọ́n ń kọ nìyí bí wọ́n bá ń la koríko. Ẹ gbè é dáadáa o, ẹ má ṣe bí ẹni tí ebi ń pa.

Ọ̀rọ̀ gùn bí igi oko,
*Hun ún, ká hun ún.*
Mo là á, ó di tẹ́ẹ́rẹ́,
*Hun ún, ká hun ún.*
Àì ló ní kò sí níbẹ̀,
*Hun ún, ká hun ún.*
Oní ló ní tèmi ni,
*Hun ún, ká hun ún.*
Ẹ dì í mú, kó má já o,
*Hun ún, ká hun ún.*

Ìdí tí ìlú fi ń kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ lílà kò fara sin. Ìsun omi kan ṣoṣo ló wà tí kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Alákàn àgbà kan, tó tóbi bí àtẹ, ló ń ṣọ́ ọ. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti dé, Alákàn á jókòó lé ẹnu ìsun, omi á sì dúró. Àwọn bàbá ńlá wọn ló ti bá a mulẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní omi òun kò ní tẹ̀ lé àwọn tí kò gbọ́ èdè ara wọn yé. Nítorí náà, lọ́dọọdún, àwọn ọmọdé ni wọ́n ń lọ bá a. Àgbà kò gbọdọ̀ dá sí i. Alákàn á sọ ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ á là á, á hun ún padà, á sì fi ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá mu hàn án. Nígbà náà ni Alákàn á tó dìde.

Ó wá di àkókò kan, Alákàn ń darúgbó, ó ń ṣọ̀lẹ. Apẹja, oníṣu, elépo, ohun tó ń sọ lọ́dọọdún nìyẹn. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ọmọ aráyé. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí láé.

Odídẹrẹ́ ló kọ́kọ́ fi èyí jẹun. Ó fò wá sí àgbàlá Baálẹ̀, ó ní gbogbo ọ̀rọ̀ tí Alákàn ti sọ rí ni òun mọ̀ lórí. Ó ní kí ló dé tí wọ́n ń fi ọ̀sán gbogbo la koríko? Ẹyìn pupa ni kí wọ́n máa fún òun, òun á fi ọ̀rọ̀ náà sí àwọn ọmọ lẹ́nu kíá. Wọ́n dán an wò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ọmọ ti ń ka ọ̀rọ̀ jáde bí òjò. Inú àwọn òbí dùn. Kò sí ẹni tó béèrè bóyá ó yé wọn.

Bí àwọn ọmọ ṣe kúrò lọ́dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́ní nìyẹn. Ìyá Àwẹ̀ró náà fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ Odídẹrẹ́. Àwẹ̀ró kò lè kà á bí àwọn yòókù. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá jáde níbẹ̀, á gba ẹ̀yìnkùlé yọ́ lọ sábẹ́ ìyeyè, á bá Ìyá Ẹlẹ́ní la koríko títí ojú á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Àwọn méjèèjì nìkan ni wọ́n ń gbe orin náà mọ́. Orin tó yẹ kí gbogbo ọmọ gbè, tí ẹnì kan ṣoṣo ń gbè, ó ń dunni.

Odídẹrẹ́ tún gba ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ lọ. Ó ní ariwo koríko kò jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ ohùn òun. Ó ní òun fẹ́ abẹ́ ìyeyè. Baálẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìyá Ẹlẹ́ní pé kó máa lọ sí ìlú bàbá rẹ̀, pé ọkọ tó bá wá kò kúkú sí mọ́. Bẹ́ẹ̀ Baálẹ̀ gan-an ti la koríko lábẹ́ igi yẹn rí, nígbà tó wà lọ́mọdé.

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọn yóò lọ sí ìsun gan-an ni Ìyá di ẹrù. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ẹní tó ń hun kò tíì parí, ó fi í sílẹ̀ lábẹ́ igi. Àwẹ̀ró dì mọ́ ọn, ó ń sunkún. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ, pé òun kò ní ẹlòmíràn tó ń gbọ́ ti òun. Ìyá já koríko tútù kan, ó fi sí i lọ́wọ́.

Ó ní, "Bí ọ̀rọ̀ bá ti gùn jù fún ọ, wá ibi tí ó ti lè là."

Ó gbé ẹrù karí, ó sì lọ.

Gbogbo ìlú dé ìsun. Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún yẹn le, ìkòkò gbogbo ti gbẹ, àwọn ọmọ ọwọ́ ń ké. Alákàn wà lórí ìsun, ó na ojú méjèèjì sókè.

Ó ní, "Ọ̀rọ̀ àná ti sú mi. Tuntun ni mo mú wá. Aláìmoore. Ẹ là á, ẹ hun ún, ẹ fi ẹni tó bá mu hàn mí."

Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín, ẹ ní ta ni kò mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Lónìí ni. Nígbà náà, ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì dé Ìdí-Ìyeyè rí, nítorí wọn kò tíì ṣe ohun tó lè mú un wá.

Ọmọ kìíní ní, "Aláìmoore." Alákàn kò dìde. Ọmọ kejì ní, "Aláìmoore." Alákàn kò dìde. Ni Odídẹrẹ́ bá fò sí iwájú, ó gún ìyẹ́ rẹ̀, ó ní, "Aláìmoore." Ohùn Alákàn gan-an ló fi sọ ọ́, kò yàtọ̀ rárá.

Alákàn ní òun mọ̀ pé wọ́n gbọ́ òun. Ìtumọ̀ ohun tí òun wí ni òun ń béèrè.

Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ká ọwọ́ lérí. Ni Àwẹ̀ró bá jáde láàrin wọn. Ó wo koríko ọwọ́ rẹ̀, ó fi èékánná wá ibi tó ti lè là, ó sì dá orin náà. Ẹ bá a gbè é, òun nìkan ló wà níbẹ̀.

Oní ti pààrọ̀ aṣọ o,
*Hun ún, ká hun ún.*
Àì ló ní kò sí níbẹ̀,
*Hun ún, ká hun ún.*
Mímọ̀ ló wà láàrin wọn,
*Hun ún, ká hun ún.*
Oore ló gbẹ̀yìn gbogbo wọn,
*Hun ún, ká hun ún.*

Ó hun ún padà. Ó ní, "Ẹni tí wọ́n ṣe lóore, tí kò mọ oore náà ni."

Alákàn mi díẹ̀. Omi sun jáde lábẹ́ rẹ̀, ó tún dúró. Ó ní, "Fi ẹni náà hàn mí."

Àwẹ̀ró wo ìyá rẹ̀. Ó wo Baálẹ̀. Ọmọdé kì í na ìka sí àgbà. Ó rántí ẹ̀yìn Ìyá Ẹlẹ́ní pẹ̀lú ẹrù lórí, lójú ọ̀nà tó gbẹ. Ó kúnlẹ̀.

Ó ní, "Àwa ni, Bàbá. Àwa ará Ìdí-Ìyeyè. Ìyá Ẹlẹ́ní ló kọ́ wa. Àárọ̀ òní la lé e lọ."

Baálẹ̀ ṣí fìlà. Ó ti gbàgbé pé àgbà kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó ní òótọ́ ni ọmọ náà sọ. Alákàn bá dìde, omi sì tú jáde, ó ń ṣàn gba àárín ẹsẹ̀ wọn kọjá. Baálẹ̀ ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bu omi mu kí Ìyá Ẹlẹ́ní, ẹni tó ni ín, tó mu. Ó bu ahá àkọ́kọ́, ó gbé e fún Àwẹ̀ró. Gbogbo wọn bá gba ọ̀nà.

Ẹnu ààlà ìlú ni wọ́n bá a, ó jókòó lórí ẹrù, ó ń sinmi. Baálẹ̀ dọ̀bálẹ̀ nínú eruku. Ìyá kò wò ó. Ó gba omi lọ́wọ́ Àwẹ̀ró, ó mu ún tán, ó ní ọ̀rọ̀ wo ni Alákàn sọ. Ojú ti Àwẹ̀ró láti pè é. Ó pè é jẹ́jẹ́.

Ìyá dá ahá padà fún un. Ó ní, "Bí o bá yọ Àì kúrò nínú rẹ̀, kí ló kù?"

"Ẹni tó mọ oore, Ìyá."

Ó ní, "Ó dára. Ẹ bá mi gbé ẹrù. Ẹní mi kò tíì parí."

Ó padà, ó parí ẹní náà, ó sì hun òmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọn kò lé Odídẹrẹ́. Orí òrùlé ló wà títí di òní, ohun tí o bá wí fún un ló ń wí padà fún ọ. Nígbà tí Ìyá Ẹlẹ́ní lọ sọ́run, Àwẹ̀ró ló jókòó sí ipò rẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí irun orí òun náà funfun tán, bí àwọn ọmọ bá ń gbe orin náà nírọ̀lẹ́, á dákẹ́ lójijì, á máa wo ojú ọ̀nà ààlà. Ìyá àgbà tèmi náà a máa dákẹ́ bẹ́ẹ̀ bó bá dé ibí yìí. N kò mọ ìdí rẹ̀ nígbà náà. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí: ẹni tó kọ́ òun náà ló ń rántí.

Ohun tí ààlọ́ yìí kọ́ wa ni pé kí á má fi ẹnu nìkan gba ọ̀rọ̀. Ẹ là á, kí ẹ rí inú rẹ̀. Ó sì tún kọ́ wa pé kí á má gbàgbé ẹni tó jókòó tì wá nígbà tí a ń kọ́ ọ. Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Ibi tí ààlọ́ mi ti ká ẹní rẹ̀ nìyí. Ẹ dìde, kí ẹ bá mi ká tèmi náà.